Gbòǹgbò Kọ́ Ni Isu

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ń fi ẹsẹ̀ rìn láti abúlé wa lágbègbè Osooro lọ sí ilé-ìwé girama, ọkùnrin kan wà tí mo kórìíra. Ẹ má bínú pé ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ọmọ mi fẹ́ràn kí àgbà máa sọ ìtàn tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Tíṣà tó ń kọ́ wa ní báyọ́lọ́jì ni ọkùnrin náà. Ó ti kú báyìí, àmọ́ inú tó bí mi sí i kò bá a kú.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Isu àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, ẹ̀gẹ́ yẹn náà sì ni ìyá mi fi ń ṣe pupuru tí à ń jẹ. Kí n tó mọ ìwé kà ni mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń gé ẹbu isu fún gbígbìn, tí wọn yóò rí i dájú pé èèpo wà lára ẹbu kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ara èèpo yẹn ni ojú tí isu ti ń hù wà. Mo sì mọ̀ pé kò sí àgbẹ̀ tó ń gé ẹ̀gẹ́ tó hú nílẹ̀ sínú ebè kó máa retí pé yóò hù. Igi rẹ̀ tó wà lókè ni wọ́n ń gé gbìn. Èyí tó wà nínú ilẹ̀, jíjẹ nìkan la mọ̀ ọ́n fún.

Tíṣà wa mọ ọ̀rọ̀ sọ, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àwọn nǹkan tí ènìyàn máa ń ṣì pè ló fẹ́ràn láti fi kọ́ wa. Yóò béèrè ohun tó ya ọ̀pọ̀lọ́ sọ́tọ̀ sí àkèré. Yóò béèrè ìdí tí àdán kì í fi í ṣe ẹyẹ bó tilẹ̀ ń fò, a ó sì máa pariwo ìdáhùn pé irun ló bo ara rẹ̀, pé ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó kọ́ wa láti mọ iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde nínú ọkàn yàtọ̀ sí èyí tó ń gbé e padà wọlé. Bó bá ti wọ kíláàsì, ara mi á yá gágá.

Ní sáà kan, ó ní òun yóò ṣe ìdánwò, pé ẹni tó bá ṣe ipò kìíní ni yóò ṣojú ilé-ìwé wa níbi ìdíje kan ní Òkìtìpupa. Mo kàwé títí orí fi ń fọ́ mi. Nínú ìdánwò náà, ó ní kí a sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín isu àti ẹ̀gẹ́. Mo ti rí i kà nínú ìwé ògbólógbòó kan ní yàrá ìkàwé, ohun tí mo kà sì bá ohun tí mo mọ̀ lóko mu rẹ́gí. Mo kọ ọ́ pé gbòǹgbò tó wú ni ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n pé ara igi tó wú sínú ilẹ̀ ni isu, ìdí sì nìyẹn tó fi ní ojú tó lè hù.

Nígbà tó dá ìwé wa padà, ó ti fi bírò pupa fa ìlà kọjá lórí ìdáhùn mi. Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé, "Gbòǹgbò ni àwọn méjèèjì." Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ni ọmọbìnrin kan fi ṣíwájú mi, àbúrò ìyàwó tíṣà tó ń gbé nílé rẹ̀.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, isu kì í ṣe gbòǹgbò."

Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Mo kà á sà. Bàbá mi náà sì máa ń..."

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó kọjú sí àwọn tó kù. "Ẹ gbọ́ o. Bàbá rẹ̀ tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ló fẹ́ wá kọ́ wa ní báyọ́lọ́jì."

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ó nà mí lẹ́gba mẹ́fà, ó sì ní kí n lọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn títí aago yóò fi lù. Ẹgba yẹn kò dùn mí tó ẹ̀rín yẹn. Bàbá tí tíṣà ń sọ pé wọn kò mọ nǹkan kan yìí ló ń fi orí wọn ru isu lọ sọ́jà kí n lè rí ìwé kà. Nígbà tí ọjọ́ ìdíje pé, mo lọ dúró sí ẹ̀bá títì, takisí tó gbé òun àti àbúrò ìyàwó rẹ̀ lọ sí Òkìtìpupa sì kọjá lójú mi. Eruku rẹ̀ bò mí. Mi ò tilẹ̀ nù ún kúrò. Mo sọ lọ́kàn mi pé ọkùnrin yìí yóò jìyà rẹ̀.

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ilé-ìwé kéde pé àwọn aláyẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí mo ṣe délé lọ́jọ́ náà, mo wá garawa epo méjì tó ti gbó, mo bu erùpẹ̀ sí wọn. Mo gbin ẹbu isu kan sínú ọ̀kan, mo gé ẹ̀gẹ́ kan, mo sì rì í sínú èkejì. Bàbá mi rí mi. Wọ́n ní, "Ẹ̀gẹ́ yẹn yóò kàn jẹrà ni o." Mo ní, "Mo mọ̀, Bàbá. Jíjẹrà rẹ̀ ni mo ń fẹ́." Wọ́n gbé ọkọ́ wọn, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Ojoojúmọ́ ni mo ń bu omi sí wọn, tí mo ń rántí ẹ̀rín yẹn. Isu hù. Ó yọ ọ̀mùnú gígùn tó ń wá ibi tí yóò gùn. Ẹ̀gẹ́ rà, ó ń rùn, ìdin bọ́ sínú rẹ̀.

Nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò dé kíláàsì wa, àgbà inú wọn béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Mo gbé garawa méjèèjì tí mo ti rù wá láti ilé láàárọ̀ jáde lábẹ́ ìjókòó mi, mo lọ gbé wọn sórí tábìlì níwájú.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tíṣà wa sọ pé gbòǹgbò ni isu, pé gbòǹgbò ni ẹ̀gẹ́ náà. Mo rì wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀kan hù, ọ̀kan jẹrà. Mo fẹ́ kí tíṣà wa sọ ìdí rẹ̀ fún wa."

Bàbá aláyẹ̀wò fọwọ́ kan ọ̀mùnú isu. Wọ́n yíjú sí tíṣà. "Kí lẹ kọ́ wọn?"

Ó ní, "Ó ṣì mí gbọ́ ni, sà."

Ohun tí mo ń dúró dè nìyẹn. Mo fa ìwé ìdánwò mi yọ, mo tẹ́ ẹ síwájú wọn, pẹ̀lú bírò pupa àti ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀. Wọ́n kà á sókè. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí gbogbo wa jáde. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo sì rí i tó káwọ́ sẹ́yìn, tó dorí kodò bí ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n fẹ́ nà. Ẹ̀yin ọmọ, mo ti jẹ oúnjẹ aládùn láyé mi, kò sí èyí tó dùn tó ìran yẹn.

Kí sáà tó parí, wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwé mìíràn. Ọjọ́ tó ń lọ, ó yà nílé wa láti dágbére fún bàbá mi. Bàbá mi ní kí n kúnlẹ̀ kí n tọrọ àforíjì, pé àgbà ni. Mo dúró gbọin.

Tíṣà ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Bàbá. Alẹ́ ọjọ́ tí mo nà án ni mo ti lọ yẹ ìwé wò. Mo ti mọ̀ pé òun ló jàre. Ó kàn nira fún mi láti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ni."

Ó rò pé ọ̀rọ̀ yẹn yóò tù mí nínú. Ká ní kò mọ̀ ni, bóyá mo lè gbàgbé rẹ̀. Àmọ́ ó ti mọ̀ kó tó gbé ẹlòmíràn lọ sí Òkìtìpupa. Bàbá mi ní, "Tíṣà, ẹ máa lọ." Wọn kò sìn ín dé ìta.

Ilé-ìwé wa kò rí ẹni fi rọ́pò tíṣà náà títí a fi ṣe ìdánwò àṣejáde. Èmi dá kàwé fúnra mi, mo yege. Ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì fìdí rẹmi nínú báyọ́lọ́jì, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. A ṣì máa ń pàdé lọ́jà, kò sì bi mí rí bóyá ó yẹ kí n ṣe ohun tí mo ṣe. Ó dùn mí nítorí tirẹ̀. Nítorí ti ọkùnrin yẹn, kò dùn mí rárá. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pé wọ́n fẹ́ sin ín ní Òde-Ìrèlè, pé kí àwa tó kọ́ wá yẹ́ ẹ sí, mo ní mo níṣẹ́ lóko.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi ń jẹun lọ́sàn-án, ó sì ń sọ fún mi pé tíṣà àwọn pe aláǹtakùn ní kòkòrò, òun sì sọ fún un pé ẹsẹ̀ mẹ́fà ni kòkòrò ní, mẹ́jọ ni ti aláǹtakùn. Ó ní tíṣà yọ fóònù, ó wò ó lójú gbogbo wọn, ó sì ní, "Ìwọ lo jàre. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un."

Mo ní, "Kò nà ọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, kí ló máa nà mí fún?"

Mo gbé abọ́ wọlé, mo sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó yẹ kí inú mi dùn pé ayé ti dára báyìí fún un, ó sì dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré yẹn, "Ìwọ lo jàre," ni ọkùnrin yẹn ì bá sọ, gbogbo rẹ̀ ì bá sì ti parí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu, kò sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ. Ó gbé e lọ sínú ilẹ̀.