Ìwúkàrà tí Ìyábọ̀ Gbà Lọ́wọ́ Ìyá Ọkọ Rẹ̀

Nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba, tí ìlú le koko, tí bíà ìgò di ohun tí tálákà ń wò lókèèrè, ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Ìyábọ̀ ni àwọn ará Ẹdẹ ń mu. Yóò rẹ ọkà bàbà títí yóò fi hù, yóò sá a, yóò lọ̀ ọ́, yóò sè é, yóò sẹ́ ẹ, yóò sì dúró kí omi rẹ̀ tutù pátápátá kó tó bu ìwúkàrà sí i. Ìwúkàrà yìí kì í ṣe ti ọjà o! Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí ni, inú akèrègbè kan ló ti ń hó. Ìyá Ara, ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń gbé ní ìlú Ara, ló fún un. Ó ní ọwọ́ ìyá ọkọ tòun náà lòun ti gbà á, pé kò kú rí. Ojoojúmọ́ ni Ìyábọ̀ ń fún un ní omi ọkà mu bí ọmọ ọwọ́.

Olùkọ́ ni Samuel ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ìjọba dá òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, ọtí yìí ló wá ń bọ́ gbogbo ilé. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn wọlé-wọlé ń bọ̀ wá yẹ ilé wò. Ìyábọ̀ ti lọ ra ọkà ní Alajue. Ìgbà tó fi dé, akèrègbè ti ṣófo, ìkòkò kan sì ń hó lórí iná níwájú Samuel.

“Bàbá Kíkẹ́, kí lẹ̀ ń sè?”

“Nǹkan inú akèrègbè yẹn ni. Kòkòrò àrùn ló kún ibẹ̀. Mo ti pa gbogbo ẹ̀.” Ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ pọ́ọ̀lù.

Ìyábọ̀ yọjú wo inú ìkòkò. Ohun tí ọ̀dá kò pa, tí ìyàn kò pa, ọ̀mọ̀wé ti fi iná pa á! Kí ni wọ́n ó máa pe ìyàwó tí ohun ìdílé kú mọ́ lọ́wọ́? Ó gbéra lọ sí Ara, ó kúnlẹ̀, ó sì jẹ́wọ́.

Ìyá Ara rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

“Dìde, ìyàwó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú mọ́ èmi náà lọ́wọ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu ni mo lọ bù lọ́wọ́ adẹ́mu, mo dà á síbẹ̀, ọtí sì ń hó. Mi ò jẹ́ kí ìyá ọkọ mi gbọ́.”

Ìyábọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó dà bíi pé wọ́n da omi tútù lé e lórí.

“Ìyá, ọjọ́ tí wọ́n ń sin bàbá mi ní Èjìgbò, ẹ ní n má lọ. Ẹ ní ta ni yóò máa bọ́ ìwúkàrà. Mi ò sì lọ.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Ìyá Ara. Ó wo ilẹ̀, ó tún wo Ìyábọ̀.

“Èmi? Mo sọ bẹ́ẹ̀?”