Àwọn Tó Yẹ Iṣẹ́ Sìkírá Wò Láìbèèrè Ọmọ Ẹni Tó Jẹ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Igbó-Ọrà níbí. Ó ṣì ń yà mí lẹ́nu bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí!

Ẹ mọ̀ pé mo pàdánù Sìkírá, àkọ́bí mi. (Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ.) Tíṣà ni nílé ìwé gíga kan. Kó tó kú, ó ṣèwádìí lórí èéfín tó ń mú kí àwọn obìnrin tó ń yan gàrí máa wúkọ́. Ìyá Táyé, Ràfátù, Àlàkẹ́, gbogbo wọn ló lọ bá nídìí ààrò. Òun àti Délé tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí jọ́nà, ìyẹn ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi ń gbé ìwádìí jáde. Kí èsì tó dé, Sìkírá ti lọ.

Ni Délé bá wá bá mi lọ́jọ́ kan. Ó ní ọ̀mọ̀wé méjì ti yẹ iṣẹ́ náà wò, wọn ò tíì gbà á. Ọ̀kan ń bèèrè bóyá èéfín tí ẹni tó ń yan gàrí nínú ilé ń fà bá ti ẹni tó wà ní gbangba dọ́gba. Bí ìdáhùn ò bá sí, wọ́n á dá a padà.

Inú bí mi! Iṣẹ́ tí ọmọ mi ṣe kẹ́yìn láyé, kó wá gbé bẹ́ẹ̀?

Kí là ń ṣe níbí bọ́rọ̀ bá le? Ṣebí ẹ̀bẹ̀ là ń lọ bẹ̀! Mo ní kí Ìyá Sìkírá di èlùbọ́ sápò, mo gbé agbádá wọ̀. Mo ní kí Délé mú mi lọ sílé àwọn méjèèjì, kí n sọ fún wọn pé ẹni tó kọ ọ́ ti kú.

Délé bú sẹ́rìn-ín, ló bá rántí pé mò ń ṣọ̀fọ̀, ó tọrọ gáfárà. "Bàbá, èmi gan-an ò mọ̀ wọ́n. Àwọn náà ò mọ̀ wá. Wọ́n ti yọ orúkọ wa kúrò kó tó dọ́wọ́ wọn. Olóòtú nìkan ló mọ̀ pé Sìkírá ti kú."

"Ṣé owó ńlá ni wọ́n ń gbà ni?"

"Wọn ò gba nǹkan kan. Àáró ni, Bàbá, bí ẹ ṣe ń ṣe é lóko. Wọ́n yẹ tiwa wò lónìí, ẹlòmíì á yẹ tiwọn wò lọ́la."

Ìyá Sìkírá ní, "Ẹ dá èlùbọ́ mi padà o!"

Ẹnu mi ò lè pa dé. Níbí, kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ, wọ́n á kọ́kọ́ bi ọ́ pé ọmọ ta ni ẹ́. Àwọn yìí ò bi wá!

Mo bá Délé padà sọ́dọ̀ àwọn obìnrin náà, torí mo mọ ilé oníkálùkù. Ìyá Táyé ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀: "Bàbá Sìkírá, ẹ ti di ọ̀mọ̀wé!" Délé gbé ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kọ̀ọ̀kan. Ti inú ilé pọ̀ ju ti gbangba lọ fíìfíì! Àṣé ìbéèrè tó bí mi nínú ló máa tún iṣẹ́ ọmọ mi ṣe?

Délé kọ ọ́ ránṣẹ́. Nígbà tó yá, ó padà wá. Wọ́n ti gbà á! Ó ka ọ̀rọ̀ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì fún wa: iṣẹ́ yìí wúlò, kí ẹni tó kọ ọ́ jọ̀wọ́ má dáwọ́ dúró, nǹkan púpọ̀ ṣì kù tí ó lè ṣe.

Ìyá Sìkírá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní kó tún un kà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé. Ká ní mo lọ bẹ̀bẹ̀, tí wọ́n sì gbà á, mi ò ní mọ̀ títí n ó fi kú bóyá iṣẹ́ náà ló dáa, àbí àánú ló ṣe wọ́n. Ní báyìí, mo mọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló tún nǹkan yín ṣe rí tí ẹ kọ́kọ́ pè é lọ́tàá? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń kàwé o, àmọ́ n ó ka gbogbo rẹ̀.