Pavia Kì í Fẹ́ Kí Òkun Dákẹ́

Gbogbo ará abúlé wa ló mọ̀ pé Pavia kì í fẹ́ ohun tó rọrùn. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ díẹ̀, tí omi ń lọ sókè sódò, ìgbà yẹn ni yóò jí ní kùtùkùtù, tí yóò máa gbá àgọ́ àwọn àlejò pé ó yá. Ṣùgbọ́n bí òkun bá pa rọ́rọ́, yóò gbé omi kọfí kaná, yóò jókòó sórí àpáta, yóò ní, "Ẹ dúró ná. Mò ń gbọ́ yìnyín."

Àwọn àlejò á dúró. Kí ni wọn yóò ṣe? Òun ni amọ̀nà. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá láti wọ káyàkì, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń gba ẹnì kan, kí wọ́n fi yí àwọn erékùṣù wa ká níbi tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Wọn kò mọ ohun tí yìnyín ń wí. Àwa tí a mọ̀ díẹ̀, a gbà á gbọ́. Òkè yìnyín tó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ lè yí dànù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ìgbì rẹ̀ a sì da ọkọ̀ dé. Nítorí náà, bí Pavia bá ti ní òun ń gbọ́, oníkálukú a pa ẹnu mọ́. Wọ́n ń sọ ọ́ dé ìlú Aasiaat pé etí Pavia kì í ṣe etí lásán.

Irọ́ ni. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Òòyì ló ń kọ́ ọ. Àwọn baba wa mọ òòyì yìí dáadáa, wọn kì í kàn án dárúkọ ni. Kì í ṣe òòyì ìgbì. Ọjọ́ tí òkun bá dákẹ́ ló ń dé, tí oòrùn wà lójú omi, tí ọdẹ dá jókòó sínú káyàkì tó ń retí kí séèlì, ẹran inú òkun tí a ń dọdẹ, yọrí. Òkun àti ojú ọ̀run á di ọ̀kan. Ọdẹ kò ní mọ èwo ni òkè, èwo ni ìsàlẹ̀. Yóò rò pé imú ọkọ̀ òun ń gùn sí i, pé ọkọ̀ ti fẹ̀gbẹ́, pé omi tútù ti wọlé, ó ti dé itan òun. Omi kankan kò wọlé. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ti kú. Ẹ̀rù ń bà á láti mira, nítorí ó dá a lójú pé bí òun bá mira, òun dojú dé nìyẹn. Ibẹ̀ ni yóò wà títí afẹ́fẹ́ yóò fi fẹ́, tàbí títí ẹlòmíràn yóò fi dé.

Tobias, baba Pavia, jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ìwọ́wé. Kò padà. Wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀ tó dojú dé. Wọ́n ní séèlì ńlá ló fà á, wọ́n sì sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi di òtítọ́. Pavia wà lórí àpáta lọ́jọ́ náà. Ó rí bí omi ti rí. Kò sí ìgbì kankan lójú rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí òòyì tirẹ̀ náà dé, ó ti ń hu irùngbọ̀n. Ó gbé káyàkì kọ́ sára ògiri, ó ra ọkọ̀ oní-ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, ó ń mi ènìyàn jìgìjìgì. Òòyì kì í wá síbi ariwo. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà títí obìnrin kan, Gudrun, fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò ní ìlú, tó ń wá ẹni tó mọ gbogbo ọ̀nà omi tó wà láàárín àwọn erékùṣù. Gbogbo ìka tọ́ka sí Pavia. Kí ló fẹ́ sọ? Pé ẹ̀rù omi tó dákẹ́ ń ba òun? Ọmọ Tobias? Ó gbé káyàkì sọ̀kalẹ̀.

Ohun tí kò rò ni pé iṣẹ́ náà yóò dùn mọ́ ọn. Ó fẹ́ràn kí òun wà níwájú, kí wọ́n to tẹ̀lé òun bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ó fẹ́ràn ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó bá tún di ọjọ́ mélòó kan sí i tí yóò máa kọrin lórí omi. Ní ìgbà òtútù ó ń pa ẹja, ó ń bọ́ ajá rẹ̀, ó ń ka oṣù. Kò ní ohun mìíràn tó ń retí. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti ń fẹ́, kò sí ohun tó ń ṣe é.

Ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà ni obìnrin kan, Tobiasine. Baba ni Pavia ń pè é. Ọdún tí Tobias kú ni wọ́n bí i, ní ilé tó kángun sí ti Pavia, wọ́n sì fún un ní orúkọ náà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá gba orúkọ òkú ti di ẹni náà. Ìyá Pavia ló hun ìbọ̀wọ́ àkọ́kọ́ fún un. Nígbà tó ṣì ń rá, Pavia ti dàgbà, a sì máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí i pé, "Baba, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ọmọ náà a fa irùngbọ̀n rẹ̀. Nísinsìnyí Tobiasine ti ní ọmọ tirẹ̀, ó lágbára, ẹnu rẹ̀ mú. Bí inú rẹ̀ bá dùn, bí kò bá dùn, "ọmọ mi" ni ó ń pe Pavia.

Ọjọ́ kan láàárín ìgbà ẹ̀rùn, òkun dákẹ́, Pavia sì ti jókòó ti ìkòkò kọfí. Tobiasine wá dúró lórí rẹ̀.

"Ọmọ mi, kí ni yìnyín sọ lónìí?"

"Ó ní kí ẹ mu kọfí yín, Baba."

"Ohun tó sọ lánàá náà nìyẹn. Yìnyín yìí fẹ́ràn kọfí jù mí lọ."

"Rédíò tí ẹ ń gbọ́ nílùú ló ti dí yín létí."

"Àwọn àlejò ń kùn. Marijke, ìyá ará Holland yẹn, ní bó bá jẹ́ pé orí àpáta lòun fẹ́ jókòó sí, òun ì bá ti jókòó sílé."

"Ṣé àpáta wà ní Holland?"

"Kò sí. Ìyẹn ló ṣe wá."

Pavia rẹ́rìn-ín. Tobiasine kò rẹ́rìn-ín. Ó wo òkun, ó wo Pavia, ó sì lọ.

Ìrìn àjò yẹn kò tètè parí. Ọkọ̀ ńlá tó yẹ kó kó wọn dúró títí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó di ẹ̀ẹ̀kejì lọ́dún náà. Nígbà tí wọ́n padà sí Aasiaat, Marijke ní òun kò tíì rí erékùṣù tó, òun tún fẹ́ bá wọn lọ. Gudrun pe Pavia sẹ́yìn ilé.

"Pavia, n kò bá ọ jà o. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò kan ló kù kí òtútù tó dé. Bí ọkọ̀ bá tún dúró dè yín lásán, Tobiasine ni yóò máa síwájú lọ́dún tó ń bọ̀."

"Mo gbọ́."

"Ṣé yìnyín náà gbọ́?"

Pavia lọ sí èbúté, ó jókòó sórí ọkọ̀ rẹ̀ tó dojú bolẹ̀. Ṣé kó sọ ọ́ fún Gudrun? Ta ló máa fi àlejò lé ẹni tí ara rẹ̀ ń kú lórí omi lọ́wọ́? Ó ní òun yóò gbàdúrà fún afẹ́fẹ́.

Afẹ́fẹ́ fẹ́, ó fẹ́ dáadáa, àfi lọ́jọ́ tó kẹ́yìn. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà, òkun dùbúlẹ̀ bí epo tó dì. Ọkọ̀ ńlá yóò dé sí erékùṣù òdìkejì ní ọ̀sán. Àlejò márùn-ún ni wọ́n, Marijke ló dàgbà jù, òun ló sì ń lọ́ra jù. Pavia gbé omi kaná. Tobiasine ń ká àgọ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Pavia gbé e, ó dà á sórí àpáta.

"Ó yá," ó ní.

Ó síwájú, àlejò mẹ́rin tẹ̀lé e, Tobiasine àti Marijke wà lẹ́yìn pátápátá. Òkè yìnyín kan wà lápá òsì, ó ti gbó, ìdí rẹ̀ ti jẹ. Pavia rọra gba ọ̀nà tó jìnnà sí i. Ó gbé ojú lé erékùṣù iwájú, kò wo omi. Ó ń ka orúkọ àwọn ajá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ti ń wà á. Nígbà tí wọ́n dé àárín, kùrukùru fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ìdí erékùṣù náà. Ó dà bí ẹni pé ó gbéra nílẹ̀. Lẹ́yìn náà kò sí erékùṣù mọ́. Funfun ni lókè, funfun ni nísàlẹ̀.

Imú ọkọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.

Ó dá àjẹ̀ dúró. Omi tútù dé itan rẹ̀, kò sì sí omi kankan níbẹ̀. Ó mọ̀ pé kò sí. Mímọ̀ náà kò ràn án lọ́wọ́.

Àwọn àlejò dúró. Kò sí ẹni tó sún mọ́ ọn. Láti ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti sọ ọ́ fún wọn: bí Pavia bá dúró, ẹ dúró, ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ dákẹ́, ó ń gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ húkọ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ lójú omi bí ẹni wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, omi ìsàlẹ̀ sì rọra ń gbé gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ òkè yìnyín.

Tobiasine pè é láti ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ọmọ mi, ṣé o gbọ́ nǹkan ni?"

Pavia lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo wọn á gbà. Nígbà mìíràn òòyì náà ń lọ fúnra rẹ̀. Bó bá lọ, wọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, wọn yóò bá ọkọ̀ ńlá, òun ni yóò sì síwájú lọ́dún tó ń bọ̀.

Nǹkan kan dún nínú òkè yìnyín náà, pá, bí igi gbígbẹ. Pavia gbọ́ ọ. Nínú gbogbo ọdún tó fi ń parọ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

"Baba," ó ní. Ahọ́n rẹ̀ wúwo. "Ó fẹ́ yí. Ẹ kó wọn kúrò níbí. Èmi ò lè mira. Òòyì ń kọ́ mi."

Tobiasine kò bèèrè òòyì wo. Ó kígbe sí àwọn mẹ́rin náà pé kí wọ́n kọrí sí àpáta dúdú tó wà lápá ọ̀tún, kí wọ́n wà á kíákíá, kí wọ́n má wẹ̀yìn. Wọ́n lọ. Òun wá bá Pavia. Marijke kò lọ. Ó tẹ̀ lé Tobiasine wá, bóyá nítorí kò gbọ́, bóyá nítorí ó gbọ́.

"Di ọkọ̀ rẹ̀ mú lápá ibẹ̀ yẹn," Tobiasine sọ fún un. Ó fi àjẹ̀ gbá ojú omi, ó gbá a, ó tún gbá a, títí ojú omi fi fọ́. Ó fi ọwọ́ mi ọkọ̀ Pavia. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ń ṣe é. Ó sì ń bú u láìdákẹ́.

"Ọmọ burúkú. Ṣé kọfí ni gbogbo rẹ̀ wá jẹ́? Ṣé o fẹ́ kí n kú lẹ́ẹ̀kejì ni? Mú àjẹ̀. Mo ní mú un. Ọwọ́ ta nìyẹn?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Ǹjẹ́ lò ó."

Itan rẹ̀ gbẹ. Ó ri àjẹ̀ bọ omi. Wọ́n lọ, Tobiasine lápá kan, Marijke lápá kejì, wọ́n sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí àjẹ̀ ń kan àjẹ̀. Wọn kò tíì dé ibi àpáta nígbà tí òkè yìnyín náà yí lẹ́yìn wọn. Ìró rẹ̀ dé kí ìgbì rẹ̀ tó dé.

Ìgbì ni Pavia mọ̀. Ara rẹ̀ jí pátápátá. "Ẹ yí padà," ó ní, "ẹ kọ imú ọkọ̀ sí i. Marijke, ẹ má dáwọ́ dúró. Ẹ máa wà á." Ìgbì náà gbé wọn sókè, ó gbé wọn sílẹ̀. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Fìlà Marijke bá omi lọ. Òun kò lọ.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, Pavia lọ jókòó lọ́tọ̀. Ojú ń tì í. Tobiasine mú ẹja gbígbẹ wá, ó ya á sí méjì.

"Láti ìgbà wo?"

"Kí ẹ tó máa rìn."

"Ta ló mọ̀?"

"Ẹ̀yin. Àwọn tẹ́ ẹ kó lọ síbi àpáta yẹn."

Ó jẹ ẹja díẹ̀. Pavia wá ní, "Baba mi náà ní in. Òkun kò mì lọ́jọ́ náà. Kò sí séèlì kankan."

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún Tobiasine pé òun ni akọni tí séèlì ńlá fà.

"O jẹ́ kí n máa fi séèlì yẹn yangàn káàkiri abúlé."

"Ẹ máa ń sọ ọ́ dáadáa ni."

"Ìbá ṣe pé ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀," Tobiasine ní. Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó lọ wo àwọn àlejò.

Wọ́n bá ọkọ̀ ńlá náà. Pavia ì bá ti dákẹ́. Tobiasine kò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó rìn lọ bá Gudrun fúnra rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀, ó dúró. Gudrun ní kí òun lọ rò ó ná. Lọ́jọ́ kejì ó ní Tobiasine ni yóò síwájú. Ó ní bí Pavia bá fẹ́, kó wà láàárín. Pavia ní òun fẹ́.

Ó máa ń dùn ún. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, òun náà ló ń kọ́kọ́ dé etí omi, yóò ti ti ọkọ̀ rẹ̀ síwájú kó tó rántí, yóò wá dúró kí Tobiasine kọjá. Àwọn ọkùnrin kan ní abúlé kò bá a sọ ọ̀rọ̀ yìnyín mọ́. Àwọn kan sì ń wá bá a níbi tó ti ń sá ẹja, àwọn ọdẹ tí ara wọn le, wọ́n á jókòó, wọn kò ní sọ ohun tí wọ́n bá wá.

Ní ọjọ́ kìíní ìrìn àjò, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún àlejò: "Bí òkun bá dákẹ́, ẹ má fi mí sílẹ̀. Ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀. Bí n kò bá dáhùn, ẹ gbá ọkọ̀ mi." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á wo ojú rẹ̀, wọ́n á dẹ́kun ẹ̀rín.

Nísinsìnyí wọ́n ń jáde bí omi bá dákẹ́. Àwọn erékùṣù a máa dúró lórí ara wọn nínú omi, orí wọn nísàlẹ̀. Àwọn àlejò ní ó rẹwà. Pavia kò mọ̀ bóyá ó rẹwà. Ó ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi," Tobiasine á pè láti iwájú, "ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà, Baba."

Wọ́n á tún wà á díẹ̀.

"Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Ibo ni mo fẹ́ lọ?"