Hàkíìmù Ẹlẹ́rọ àti Okùn Gìtá Tó Tín-ín-rín Jù

Ìyẹ̀fun ẹ̀lùbọ́ ti di ìlà tín-ín-rín kan sí ìṣẹ́po òkè etí òsì Hàkíìmù, níbi tí omi ìwẹ̀ kì í sábà dé. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ bùbá tó mọ́, ó sì ti kí ìrun ọ̀sán. Síbẹ̀ ìlà náà ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Gbádégẹṣin ní Ìkẹ́rẹ́, tó sì gbé orí lé ògiri bí ẹni tó fẹ́ sùn.

Emùré ni ó ń gbé. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó ń ṣe: àwọn obìnrin a gbé ata, àgbàdo àti iṣu gbígbẹ wá, òun a sì lọ̀ ọ́ fún wọn. Yàrá tí ẹ̀rọ náà wà kò ní ju ilẹ̀kùn kan lọ. Bí ó bá ti tàn án láàárọ̀, kò sí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè sọ níbẹ̀ mọ́ àfi kí ó fi ọwọ́ júwe. Bí ó bá sì pa á ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ náà kì í dákẹ́ nínú orí rẹ̀ títí oorun yóò fi gbé e lọ.

Kí ó tó di ẹlẹ́rọ, ó kọ́ iṣẹ́ rédíò títúnṣe ní Ìbàdàn. Oníbàárà kan fi rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì padà wá gbé e. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà nínú rẹ̀. Hàkíìmù tẹ̀ ẹ́ láti fi dán iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wò, gìtá sì bẹ̀rẹ̀. Ó dúró de ẹni tí yóò kọrin. Ojú kìíní parí, ẹnikẹ́ni kò kọrin. Ó yí i padà, ó rò pé ojú kejì ni olórin wà. Gìtá náà ni ó tún bá níbẹ̀, tó ń bi ara rẹ̀ léèrè tó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ẹnìkan tó sọ fún un pé jáàsì ni wọ́n ń pè é, àti pé Wes Montgomery, ará Amẹ́ríkà tó máa ń fi àtàńpàkò ta gìtá, ni ó ń gbọ́. Gbádégẹṣin ni ẹni náà, tíṣà físíìsì tó ti fẹ̀yìn tì. Ó gbé àgbàdo wá sí ilé ẹ̀rọ, ó gbọ́ ohun tí fóònù Hàkíìmù ń kọ kí ẹ̀rọ tó tan, ó sì gbàgbé àgbàdo rẹ̀ síbẹ̀. Ẹnì kẹta wọn ni Mojírádé, aránṣọ ní Ìsẹ̀, tó ti gbé Èkó pẹ́ kí ó tó padà wálé. Inú ọkọ̀ ni ó ti gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń jiyàn lórí Grant Green, onígìtá jáàsì mìíràn. Ó yíjú sẹ́yìn, ó sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó jàre nínú wọn.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pàdé ní ọjọ́ Àìkú kan lóṣù. Ẹnìkan yóò mú orin wá, kò sì ní dárúkọ ẹni tó ta gìtá inú rẹ̀. Wọn yóò gbọ́ ọ délẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni iyàn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá lanu kí orin tó parí ni yóò lọ ra bọ̀ọ̀lì wá fún gbogbo wọn. Hàkíìmù ni ó ṣe òfin yìí.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni okùn gìtá tó tín-ín-rín jù, èyí tí ohùn rẹ̀ ga jù, ti ń pòórá mọ́ ọn létí. Kò lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ́kọ́ rò pé fóònù òun ni ó bàjẹ́, ó sì fi ẹ̀kọ́ rédíò tó kọ́ tú u wò. Nígbà tó mọ̀ pé fóònù kọ́, kò sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ní Emùré, gbogbo ẹni tó ń pè é ló ń fẹ́ kí ó ṣe nǹkan fún òun. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí nìkan ni wọ́n ti ń fẹ́ kí ó gbọ́ nǹkan. Bí kò bá lè gbọ́ mọ́, kò mọ ohun tí yóò máa wá ṣe níbẹ̀. Nítorí náà, ó ń wo àgbọ̀n Gbádégẹṣin. Bí tíṣà bá ti ń mi àgbọ̀n, òun náà a mi tirẹ̀.

Mojírádé ni ó mú orin wá lọ́jọ́ náà. Orin jẹ́jẹ́ ni. Gbádégẹṣin di ojú rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ sì dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, Hàkíìmù gbórí kúrò lára ògiri.

"Ó dára," ó ní. "Jim Hall ni. Òun nìkan ló ń ṣe sùúrù báyìí."

Gìtá ṣì ń dún nínú spíkà. Gbádégẹṣin la ojú.

Mojírádé bú sẹ́rìn-ín. "Òfin mú ẹni tó ṣe é. Bọ̀ọ̀dá, bọ̀ọ̀lì ti di tiyín o. Kí wọ́n yan án kó jinná, ẹ má ra tútù wá fún wa."

"Ṣé kò tíì parí ni?"

Ẹ̀rín náà dúró lẹ́nu Mojírádé. Gbádégẹṣin na ọwọ́ sí spíkà láti gbé ohùn rẹ̀ sókè, Hàkíìmù sì di ọwọ́ náà mú.

"Ẹ má gbé e sókè, Tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí orin fi parí lóòótọ́.

"Láti ìgbà wo?" Mojírádé bi í.

"Láti ìgbà ọyẹ́."

"Ìyàwó yín mọ̀?"

"Jẹ̀mílátù mọ̀. Ariwo ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí. Àwọn ará ulé rò pé ìjà là ń jà."

Gbádégẹṣin ń ronú nǹkan mìíràn. "Grant Green tá a gbọ́ lóṣù tó kọjá, tí o ní mo jàre?"

"Àgbọ̀n yín ni mo wò, Tíṣà."

"Mo sọ fún ìyàwó mi pé mo borí rẹ." Ó wo ìlà ìyẹ̀fun tó wà létí Hàkíìmù. "Ẹ̀rọ yẹn ni."

"Ẹ̀rọ náà ni. Òun náà ló ń bọ́ wa."

Mojírádé ní kí ó máa ki òwú sí etí nídìí iṣẹ́. Hàkíìmù ní òun ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbádégẹṣin padà sí ìparí orin náà. Ó fi ohùn ara rẹ̀ kọ ọ́, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ibi tí ohùn àgbà ọkùnrin lè dé. Ó ṣì í lẹ́ẹ̀mejì, Mojírádé sì tún un ṣe.

"Ohùn yín ò dáa, Tíṣà," Hàkíìmù ní.

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ." Ó fi ọwọ́ nu ojú láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. "Jim Hall kọ́ nìyẹn, àbí?"

"Kì í ṣe òun," Mojírádé dáhùn. "Ẹ kọ́kọ́ lọ ra bọ̀ọ̀lì."

Ó lọ rà á. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́, wọ́n jiyàn, òun náà sì dá sí i, ṣùgbọ́n ibi tó gbọ́ nìkan ló sọ̀rọ̀ lé. Kí ó tó wọ ọkọ̀ Emùré, ó pe Jẹ̀mílátù ní fóònù, ó ní kí ó sọ fún àwọn oníbàárà pé kí wọ́n gbé ohun lílọ̀ wọn wá ní ọjọ́ Ajé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò ní tan ẹ̀rọ. Yóò wọ ọkọ̀ àárọ̀ lọ sí Adó, yóò sì ní kí wọ́n yẹ etí òun méjèèjì wò.