Bí Owú Ṣe Bá Wa Ra Ọkọ̀

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ dá a lábàá pé ká ra ọkọ̀. Bàtà ló ń tà ní Ọjà Balógun, bàtà obìnrin àti ti ọmọdé, ó sì ti pẹ́ tó ti ń fi orí àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó ẹrù rẹ̀ káàkiri. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Tó bá ti ọjà dé, á kọ́kọ́ na gbalaja sórí ilẹ̀ títí ẹ̀yìn á fi tù ú kó tó lè bọ́ gèlè.

"Dádì," ó ní, "mi ò ní ká ra ọkọ̀ ńlá. Ọkọ̀ kékeré ni, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, tí kò ní máa mu epo bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Kó ṣáà ti lè gbé àpò bàtà mẹ́fà."

Mo gbà. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì kan ní Marina, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn débẹ̀ láti ilé wa ní Lafiaji, n kò sì mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀ ju pé mo lè wà á lọ. Ohun tó wà lápò wa kò lè ra tuntun. Tòkúnbọ̀ tó ti lo ọdún díẹ̀ ni, tàbí èyí tí ẹnì kan ti lò nílẹ̀ yìí tó sì tọ́jú. Bẹntiróòlù náà sì ti wọ́n débi pé tí ẹni tó ń ta á bá da ẹ̀kán kan sílẹ̀, gbogbo wa la máa bojú wo ilẹ̀. A ò gbọdọ̀ ṣì í rà.

"Mo mọ mẹkáníìkì kan," ìyàwó mi sọ bẹ́ẹ̀. "Àgbàlá kan náà la ti dàgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kò lè tàn wá jẹ láéláé."

Ọ̀rọ̀ "láéláé" yẹn ló mú kí n gbójú sókè kúrò nínú oúnjẹ mi.

Ọkùnrin náà wá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì, tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú, ni mo ti ń retí. Ẹni tó wọlé ga, ó pẹ́lẹ́ńgẹ́, ewú díẹ̀ wà létí rẹ̀ tó yẹ ẹ́, aṣọ rẹ̀ sì mọ́ ju tèmi lọ. Ó tẹríba, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o." N kò rí nǹkan kan tí mo lè fi bínú sí i. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ìyàwó mi, tó fi orúkọ ìnagijẹ kan pè é. N kò ní kọ orúkọ náà síbí. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti gbé obìnrin yìí sílé, n kò gbọ́ ọ rí. Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, tó jẹ́ kó fọwọ́ bo ẹnu bí ọmọge.

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Èmi lẹ́ran láyà dáadáa, nítorí náà mo sọ fún ara mi pé owú kọ́ ló ń ṣe mí, bóyá ẹ̀wà àárọ̀ ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ránṣẹ́ sí wa pé òun ti rí ọkọ̀. Kò tilẹ̀ jìnnà. Àdúgbò wa náà ni, nínú àgbàlá ilé àtijọ́ kan tí àwọn Àgùdà tó ti Brasil dé kọ́, tí fèrèsé rẹ̀ gùn tó ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbà kan tó ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún ló ni ín. Ọkọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó kú, ìyá náà kò sì mọ ọkọ̀ wà. Mẹkáníìkì wa yìí náà ló ń wá tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó má baà kú sórí ìdúró.

Ó ká tápólì tí wọ́n fi bò ó. Ọkọ̀ kékeré ni lóòótọ́, onílẹ̀kùn mẹ́rin, àwọ̀ ewé tó ti ṣá. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n. Lítà kan péré ni ẹ́ńjìnnì yìí, sílíńdà mẹ́ta. Kò lè sáré ẹhànnà, ṣùgbọ́n láàárín Lafiaji sí Balógun, ta ló ń sáré? Tí ẹ bá rọ epo sí i lọ́jọ́ Ajé, ẹ ó ṣì máa lò ó lọ́jọ́ Ẹtì."

Ó ní kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó tan án, ó sì gbé ọwọ́ sẹ́yìn ọ̀pá èéfín. Èéfín náà kò sọ ọwọ́ rẹ̀ di dúdú. Ìyàwó mi ti jókòó sídìí ìwakọ̀, ó ń fi ìka kan ṣoṣo yí ọwọ́ ìtọ́kọ̀. Ìyá àgbà bi í láti orí àtẹ̀gùn pé, "Ìwọ lo máa wà á?"

"Èmi ni, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Nígbà náà ni mẹkáníìkì náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn láti fi bí wọ́n ṣe ń sún àga síwájú hàn án. Orí wọn súnmọ́ra. Ó sọ nǹkan kan tí n kò gbọ́, ìyàwó mi sì tún rẹ́rìn-ín yẹn.

"Ọkọ̀ yìí ti gbó jù," mo sọ sókè. "Wo àwọ̀ rẹ̀, bí ẹ̀fọ́ tó ti rọ. Ṣé inú èyí ni wọ́n á ti máa rí ìyàwó mi?"

Ìyá àgbà wò mí, ó dìde, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀. A dé ilé kó tó ní, "Ọkọ̀ ọkọ rẹ̀ tó kú lẹ pè ní ẹ̀fọ́."

Èmi náà wá lọ wá ọkọ̀ tèmi. Mo rí i lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta tòkúnbọ̀ nídìí Marina. Ọkọ̀ pupa ni, ó ń dán bí ata rodo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ́ńjìnnì tiẹ̀ náà kò tóbi, iye rẹ̀ kò sì ju owó tó wà lápò wa lọ, èyí tó yẹ kó ti kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ìyàwó mi takú pé àfi kí mẹkáníìkì wò ó. Ó wá. Kò tilẹ̀ ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Ó fa ìgbànú ìjókòó jáde títí dé ìparí, ó fi hàn wá: ẹrẹ̀ gbígbẹ ti lẹ̀ mọ́ ibi tó máa ń ká pamọ́ sí. Ó gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó gbóòórùn abẹ́ rẹ̀.

"Omi ti gbé ọkọ̀ yìí rí," ó ní. "Wọ́n kàn kùn ún ni."

"Àbí torí pé kì í ṣe ìwọ lo rí i?" mo dá a lóhùn. "Àbí ìyá àgbà yẹn ti ṣèlérí nǹkan fún ọ? Máa lọ, a dúpẹ́. A ò nílò rẹ mọ́."

Ó kí ìyàwó mi pé ó dàbọ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ.

Ẹni tó ń ta ọkọ̀ ní ká wà á yípo díẹ̀ ká tó sọ̀rọ̀. Mo jókòó sídìí ìwakọ̀, ìyàwó mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan bí àlejò. A gba etí ọ̀sà lọ. Atẹ́gùn ń fẹ́, inú mi dùn, mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. A ò tíì dé ibùdókọ̀ CMS tí iná ìkìlọ̀ pupa kan tàn níwájú mi. Èéfín funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí àgbà tí ikọ́ ń bá jà, ó kú. Mo pe ẹni tó ń tà á títí, kò gbé fóònù rẹ̀.

"Ẹ pè é," ìyàwó mi sọ bẹ́ẹ̀.

"Ta ni?"

"Ẹ mọ ẹni tí mò ń sọ."

"Ìwọ lo ní nọ́ńbà rẹ̀."

Ó tẹ nọ́ńbà náà, ó sì gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. "Èmi kọ́ ni mo lé e."

Mo pè é. N kò rántí ohun tí mo sọ, mo kàn mọ̀ pé "jọ̀ọ́" wà nínú rẹ̀. Ó dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, torí kò tíì rìn jìnnà. Ó ní kí ìyàwó mi bá òun ra omi inú ọ̀rá wá, ìyẹn sì sọdá títì. Àwa méjèèjì nìkan la kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó ń hó.

Mo bi í léèrè. Kò sí bí mo ṣe lè gbé e mì mọ́. "Ṣé o fẹ́ ìyàwó mi rí?"

Ó ń fi àkísà yí ìdérí rédíétọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn. "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Ìyá rẹ̀ ní òun ò lè fa ọmọ òun lé ẹni tó ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Iṣẹ́ ni mo ṣì ń kọ́ nígbà yẹn. Mo ní kó dúró dè mí. Ó dúró fún ọdún kan. Lẹ́yìn náà lẹ̀yin dé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ táì."

Mo retí pé kó fi kún un pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, pé ó ti gbàgbé. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ní, "Mo ti níyàwó, mo ti bímọ mẹ́ta. Mi ò wá gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ó ní kí n bá òun wá ọkọ̀ tí kò ní dá òun dúró lójú ọ̀nà. Mo wá a."

Ìyàwó mi dé pẹ̀lú omi. Wọ́n rọ ọ́ sí i, a sì rọra gbé ọkọ̀ pupa náà padà fún ẹni tó ni ín, tí fóònù rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ nígbà tó rí wa.

Nílé, mo sọ fún ìyàwó mi pé mo ti gbọ́. Ó ń ka bàtà méjì-méjì sínú àpò, kò dáwọ́ dúró.

"Ẹ ò bi mí rí ni," ó ní.

"Ká ní ìyá rẹ gbà ńkọ́?"

Ó ronú sí i. N kò fẹ́ kó ronú sí i. Mo fẹ́ kó dáhùn kíá.

"Mi ò mọ̀," ó sọ nígbẹ̀yìn. "Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà yẹn. Ẹ̀yin ni mo fẹ́, ẹ̀yin náà ni mò ń dáná fún. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n sọ pé mi ò rẹ́rìn-ín rí kí n tó mọ̀ yín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọnú egungun. Bẹ́ẹ̀, irọ́ kankan kò sí nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, tí mo kúrò níbi iṣẹ́, mo dá lọ sí ilé ìyá àgbà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì àgbàlá.

"Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní ọkọ̀ ọkọ mi dà bí ẹ̀fọ́ tó ti rọ?"

"Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ẹlòmíì ti wá wò ó o." Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jó mi fúngbà díẹ̀. "Kí ló dé tó o fi sọ bẹ́ẹ̀? O ò jọ ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́."

Mo lè purọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni mo ṣì wà, ó sì ṣòro láti purọ́ láti ilẹ̀. "Owú ni, mà. Mẹkáníìkì yẹn àti ìyàwó mi. Wọ́n mọra tipẹ́."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n dìde jókòó. "Ẹni àádọ́rin ọdún ni ọkọ mi nígbà tó ra ọkọ̀ yìí. O mọ ìdí? Ọkùnrin kan wà lẹ́gbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó máa ń fọkọ̀ gbé mi délé tá a bá kọrin tán. Bàbá kan tí kò léyín! Ọkọ mi ò bá mi jà. Ó kàn jáde lọ́jọ́ kan, ó padà wálé pẹ̀lú ọkọ̀."

"Ṣé kò wá jowú mọ́, mà?"

"Ó jowú títí wọ́n fi gbé e sin. Ṣùgbọ́n ó ń gbé mi délé." Ó nu ojú rẹ̀. "Sọ fún ìyàwó rẹ kó wá fúnra rẹ̀. Òun ni mo máa kó kọ́kọ́rọ́ fún, kì í ṣe ìwọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe rà á. Orúkọ ìyàwó mi la kọ sínú ìwé ọkọ̀ náà. Mẹkáníìkì pààrọ̀ bátìrì àti táyà méjì, ó sì kọ̀ láti gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa ju oúnjẹ lọ. Èmi ni mo bu oúnjẹ náà fún un. Mo jókòó tì í, mo sì wò ó bó ṣe ń jẹun. Títí di òní, tó bá pè láti béèrè bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe, owú ṣì máa ń ṣe mí tí mo bá gbọ́ tí ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín ní yàrá kejì. Mo ti ṣíwọ́ pípe owú náà ní ẹ̀wà àárọ̀.

Ní ọ̀pọ̀ àárọ̀, ó máa ń gbé mi dé Marina kó tó yà sí Balógun. Àpò bàtà máa ń kún ẹ̀yìn wa débi pé n kò lè sún àga sẹ́yìn, orúnkún mi a sì máa kan iwájú. Mo máa ń fẹ́ kí n jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí i kí n tó wọ ọ́fíìsì.

"Dádì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kíá," á wí bẹ́ẹ̀, "ọkọ̀ ń bẹ lẹ́yìn wa."