Ẹ̀jẹ̀ Lórí Gíá Ọkọ̀ Sójà

Ọjọ́ tí gíá ọkọ̀ wa já lórí òkè ni mo mọ̀ pé ọkọ̀ náà lè pa èèyàn. Ọkọ̀ sójà àlòkù ni, tí bàbá wa rà kí wọ́n tó kú, tí èmi àti àbúrò mi ọkùnrin fi ń kó gẹdú láti inú igbó ẹ̀yìn Ìsarà wá sí Ṣàgámù. Àbúrò mi ló ń wà á, èmi ni mò ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, nǹkan dún gbàù lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, búréèkì ò sì mú un. Ọkọ̀ ń fẹ̀yìn rìn lọ sí ìsàlẹ̀, gẹdú ń já lulẹ̀ gbì-gbì. Ó wó ìsọ̀ kan, ó tẹ àwọn ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ pa, kó tó forí sọ igi. Mo ti bẹ́ sílẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́ ta sí mi láṣọ, orúnkún mi sì bó.

Mẹkáníìkì tú u wò, ó ní gíá ti fọ́ yánníyánní, kò sì sí irú rẹ̀ lọ́jà kankan mọ́. Àfi ìlú òyìnbó, níbi tí àwọn ológun ti ń lu àwọn páàtì ọkọ̀ tí wọn ò lò mọ́ ní gbàǹjo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ibẹ̀ ni ìyà wa ti bẹ̀rẹ̀. A ó jókòó sí yàrá mi ní àdúgbò Ibido ní Ṣàgámù lọ́sàn-án, fóònù á wà láàárín wa, a ó máa wo bí àkókò gbàǹjo ṣe ń tán lọ. Tí a bá dá iye, ẹnì kan á lé díẹ̀ sí i. A tún lé sí i, òun náà á tún lé sí i. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n lù ú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ. Kó tó padà dé, gíá ti di ti ẹlòmíràn. Wọn kì í fi orúkọ ẹni tó ń bá wa du ú hàn, lẹ́tà bíi mélòó kan nínú orúkọ náà la máa ń rí, ṣùgbọ́n ẹni kan náà ni nígbà gbogbo.

"Àǹtí mi, ẹni yìí ń dọdẹ wa," ni àbúrò mi wí nígbà tí wọ́n gba èyí tó kẹ́yìn mọ́ wa lọ́wọ́. Ó gbé fóònù mi, ó là á mọ́ ògiri. Mo pariwo. Ó yíjú sí ògiri náà, ó ń fẹ̀ṣẹ́ lù ú títí awọ ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Ọmọ ìyá mi ni, mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Kò pẹ́ sí i, a pàdé ọkùnrin kan tó máa ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté. A sọ irú gíá tí à ń wá fún un, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó wà nínú wa. Ó ní, "Irú gíá tẹ́ ẹ ń wá yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọ̀kan dé Ìsarà ni, fún bàbá kan tó ní ẹ̀rọ ìlagi àti irú ọkọ̀ sójà yẹn. Wọ́n ní àwọn kan bá àwọn du ú débi pé owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn."

 Awakọ̀ kan ń pààrọ̀ táyà létí títì. Àbúrò mi já sípánà táyà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fò sórí ọ̀kadà. Mo gun òmíràn tẹ̀ lé e, mò ń ké pè é títí a fi dé Ìsarà.

Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ bàbá náà níbi ìlagi wọn. Bàbá onírun funfun ni, gíá ṣì wà nínú àpótí onípákó lẹ́yìn wọn.

"Ṣé ìwọ ló ń já oúnjẹ gbà lẹ́nu wa?"

"Ta lò ń bá wí? Ọmọ ta ni ẹ́?"

Sípánà ló dá wọn lóhùn. Mo gbọ́ bí egungun párì bàbá náà ṣe dún. Wọ́n ṣubú lu èérún pákó, wọ́n dìde pẹ̀lú àpólà igi lọ́wọ́, wọ́n sì gbá a mọ́ àbúrò mi lójú. Ó ké bí ẹran. Mo kó sáàárín wọn, ìgúnpá kan bà mí nímú, mo ṣubú. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n jọ wó lu àpótí náà, pákó rẹ̀ sì ya.

A rí gíá náà. Àwọn ológun ti fi iná gé e láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó tà á, kí ẹnikẹ́ni má baà lò ó mọ́. Fọ́tò tí wọ́n gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ò fi ẹ̀gbẹ́ yẹn hàn.

Bàbá náà kúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán lẹ́nu wọn, wọ́n ti ìka bọ ojú ibi tí wọ́n gé. "Wọ́n ti pa á," ni bàbá ń wí, "wọ́n ti pa á kí wọ́n tó tà á fún mi."

Àbúrò mi fi ọwọ́ kan bo ojú, ó fi èkejì gbé sípánà sókè. Mo rò pé orí bàbá ló fẹ́ fọ́. Irin náà ló lù. Bàbá wá òòlù ńlá, àwọn náà ń lu tiwọn. Àwọn méjèèjì ń lu irin yẹn, wọ́n ń sunkún, kò sí òṣìṣẹ́ tó lè sún mọ́ wọn títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

Ọkọ̀ kan náà ló gbé wa lọ sílé ìwòsàn ní Ṣàgámù.  Nígbà tí ọlọ́pàá dé, bàbá náà mi orí pé àwọn ò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́. Ojú àbúrò mi ò ríran mọ́ lápá kan. Àwọn tó ń ra irin àlòkù gé ọkọ̀ bàbá wa wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n sì kó o lọ.

Obì ni mò ń rà tà báyìí. Lọ́jọ́ kan, bàbá náà dúró níwájú àtẹ mi, ẹnu wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ojú àbúrò rẹ ńkọ́?" wọ́n bi mí.

"Ó ti lọ, bàbá."

 Wọ́n ní kí n bá àwọn kí i. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó gbọ́, ó sì yí ojú kan tó kù sí ògiri.