Olórí Tó Yẹ Kó Jókòó Jẹ́ẹ́

Láàárín àwọn ọdún 1990, ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó gẹ́gẹ́ bí olùdánwò ní yunifásítì kan ní Padua, nílẹ̀ Ítálì, kóòtù àyálò ni mo wọ̀. Bọ̀dé, tí a jọ ń gbé ní àdúgbò Arcella, tó ń já ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí, ló yá mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o. Bí ẹ bá da kọfí sí i, ẹ máa bá mi já ẹrù lọ́jọ́ Sátidé."

Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó síwájú olùkọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á tò sẹ́yìn bí ẹni wá wòran. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó ti ọ̀jọ̀gbọ́n, kí n máa béèrè ìbéèrè kejì. Oyè ọ̀jọ̀gbọ́n yìí gùn ju orúkọ rẹ̀ lọ. Èmi náà sì ti lẹ "dottore", ìyẹn dókítà, mọ́ orúkọ mi lára àpótí lẹ́tà wa, nítorí náà a ò lè bú ara wa.

Ẹni kẹta tó wọlé ni Fúnmi, ọmọ Abẹ́òkúta, tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá feèlì, ó pàdánù borsa di studio, owó ìrànwọ́ tó fi ń kàwé, nìyẹn, yàrá tó ń sùn sì bá a lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wò ó, ó tún wò mí. "Ọmọ ìlú yín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Professore."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá bi í ní ìbéèrè tó rọ̀, wọn á ní ará ilé ló gbè é.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó sọ̀rọ̀ nípa bí Amẹ́ríkà ṣe tún Gúúsù rẹ̀ tò lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Fúnmi ń ṣàlàyé geere, títí ó fi sọ pé, "Ká ní olórí mìíràn ló jẹ lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa ààrẹ..."

"Signorina, kò sí 'ká ní' nínú ìtàn." Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń wo orúkọ ẹni tó kàn.

Àṣà iṣẹ́ wa ni pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń rì, ká ju ìbéèrè kékeré sí i bí okùn. Òkúta ni mo jù.

"Kí gan-an ni olórí mìíràn yẹn ì bá ṣe? Má sọ ìwà rere fún mi o. Sọ iṣẹ́ kan ṣoṣo."

Fúnmi wò mí bí ẹni pé mo jí bàtà rẹ̀.

"Kò ní ṣe nǹkan kan," ó ní.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Fúnmi ò yíjú wò ó.

"Ọ̀gágun kan ti pín ilẹ̀ etí òkun fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú. Wọ́n ti ń gbin nǹkan síbẹ̀. Ààrẹ tuntun ló ní kí wọ́n dá ilẹ̀ náà padà fún àwọn olówó wọn àná. Olórí tó bá kàn jókòó jẹ́ẹ́, tí kò pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ì bá tó."

"Àwọn tó máa jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?" Ọ̀jọ̀gbọ́n ti gbójú kúrò lára orúkọ.

"Mi ò lè búra fún tiwọn, Professore. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń kórè lórí ilẹ̀ ara rẹ̀ kì í rọrùn láti lé kúrò."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ọgbọ̀n, máàkì tó ga jù, sínú libretto, ìwé máàkì Fúnmi, ó sì dìde bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ohun tí a kì í sábà rí.

Fúnmi dúró dè mí níta. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ pa mí! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe ọmọ ilé ẹni nìyẹn?"

"Bí mo bá ṣàánú rẹ, máàkì àánú ni wọ́n á máa pè é títí wàá fi parí. Eléyìí ńkọ́, ta ló máa gbà á lọ́wọ́ rẹ?"

Ó pòṣé sí mi, ó wá gbá libretto náà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Mo ti dán ọ̀pọ̀ ènìyàn wò láti ìgbà náà, ní Padua àti ní Torino. N kò tíì béèrè ìbéèrè mìíràn tó wú mi lórí tó ìyẹn.